Igba Òòyà Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Obìnrin náà mú pákó kékeré kan, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì lẹ́bàá etí ọ̀tún rẹ̀, ó sì jù ú sí òsì. Ó mú òmíràn, ó kàn án, ó jù ú sí ọ̀tún. Èyí tó lọ sí òsì kò tíì gbẹ. Èyí tó lọ sí ọ̀tún ti tó í fi ṣe òòyà.

"Kí lẹ ń gbọ́, mà?" mo bi í.

"Èyí tó gbẹ máa ń dáhùn. Èyí tó tutù máa ń kùn, bí ọkọ tí wọn ò tètè gbé oúnjẹ fún."

Ìyá Olóòyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilé onípáànù gígùn kan lẹ́yìn ilé tó ń gbé, ó ní fèrèsé mẹ́rin, lẹ́búlẹ́bú igi sì bo ohun gbogbo níbẹ̀, títí dé orí aago ara ògiri. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Òòyà onígi ni wọ́n ń ṣe, kò sí nǹkan mìíràn.

Orúkọ méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé tí ìjọba fi síta pé àwọn ti fún ní owó ìrànwọ́ kí ọjà wọn lè dé òkè òkun. Owó ìrànwọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀yáwó. Ẹni tó gbà á kò ní dá a padà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù kí akọ̀ròyìn kàn gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ wo méjì nínú wọn. Ní àkọ́kọ́, àgádágodo tó ti dípẹtà ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ní èkejì, ọkùnrin tó jókòó sí ọ́fíìsì kò lè sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó ní kí n padà wá nígbà tí ọ̀gá bá dé, kò sì mọ ìgbà tí ọ̀gá máa dé. Ilé olóòyà yìí ni ìkẹta. Kí n má parọ́, àgádágodo kẹta ni mo ń wá lọ.

Nítorí náà, mo ní kí n dán etí Ìyá Olóòyà wò. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi owó ìjọba rà, ó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu. Tí wọ́n bá gún un mọ́ igi, á sọ bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ṣa ogún pákó fúnra mi. Obìnrin náà kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni a gún ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu lórí mọ́kàndínlógún. Lórí ẹyọ kan tó kù, ẹ̀rọ ní ó ti gbẹ, obìnrin ní kò gbẹ.

Ọkùnrin kan tó wà nídìí ayùn dìde, ó gba pákó náà, ó fi àáké kékeré là á sí méjì. Ìlà dúdú kan wà láàárín gbùngbùn rẹ̀. Mo fi ìka kàn án. Ó tutù.

"Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni kò gùn tó," Ìyá Olóòyà wí, bí ẹni tó ń bá ọmọ ọlọ́mọ tọrọ àforíjì.

Ọkùnrin tó la pákó ni àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó fi ọdún méje kéré sí i, ṣùgbọ́n inú ilé ló ti bá a nígbà tí obìnrin náà wọlé bí ìyàwó, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún un, kò sì jẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Gbajúmọ̀ ló ń pè é. Òun náà ń pè é ní Ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti gba orí àwọn méjèèjì.

Ẹni ogún ọdún ni ìyá yìí nígbà tó dé ilé náà. Baba ọkọ rẹ̀ ń kan àga àti tábìlì nígbà náà, ó sì ń fi igi tó bá ṣẹ́kù ṣe òòyà. Baba yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́, kì í ṣe ọkọ rẹ̀.

"Ọkọ mi ò ní sùúrù," ó wí. "Ó lè kan ibùsùn láàárín ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n kó jókòó ti eyín òòyà méjìlélógún? Á ti sùn lọ."

Baba kú. Ọkọ náà tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó wá ku Ìyàwó àti Gbajúmọ̀. Gbajúmọ̀ ń gé eyín, Ìyàwó ń dán an. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko ni ọkùnrin náà ti ń fi apá kan ṣoṣo fa ayùn, eyín kan tẹ̀lé òmíràn, nínú igi tó le bí egungun. Mo ní kí ó jẹ́ kí n gé ẹyọ kan. Eyín mi rí bí ti ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Tirẹ̀ kò gbà ju kí n mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Mo fi òòyà méjì tó gé lé ara wọn, mo gbé wọn sí ojú fèrèsé: ìmọ́lẹ̀ gba àárín gbogbo eyín kọjá bí ẹni pé òòyà kan ṣoṣo ni. Kò sí àmì tó fà sára igi, kò sí rúlà. Ọwọ́ lásán ni.

Ṣùgbọ́n apá náà ti ń lọ. Ní ọdún tó kọjá, dókítà yẹ èjìká ọ̀tún rẹ̀ wò, ó ní iṣan inú rẹ̀ ti ń já díẹ̀díẹ̀ bí okùn tó ti gbó. Ó ní tí kò bá fi ayùn ọwọ́ sílẹ̀ kí ọdún yìí tó parí, kò ní lè fi apá náà gbé ife omi mọ́.

"Mo ní, dókítà, ṣé ọwọ́ òsì ò lè gbé ife ni?" Gbajúmọ̀ sọ ọ́ fún mi, ó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Ibi tí owó ìrànwọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ọmọbìnrin Ìyá Olóòyà, tó ń bá wọn ṣe ìwé, ló gbọ́ ìkéde rẹ̀ lórí rédíò, òun ló sì kọ ọ̀rọ̀ sí fọ́ọ̀mù. Nǹkan mẹ́ta ni ìjọba ṣèlérí. Àkọ́kọ́ ni yàrá gbígbóná tí wọ́n ti ń mú igi gbẹ, pẹ̀lú ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ méjì yẹn, kí igi má baà là nígbà tó bá dé ìlú olótùútù. Mo wọ inú rẹ̀: ó wà níbẹ̀, ó sì gbóná. Èkejì ni owó ọkọ̀ òkun àti ìwé fún ọjà àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ ayùn tó ń lo iná, tó máa ń gé eyín òòyà láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fa ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò ní wá àfi tí oníbàárà lókè òkun, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù irun, bá gba ọjà àkọ́kọ́, tó sì buwọ́ lùwé kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Bí ọjà bá dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ á dé. Bí kò bá dé, ẹ̀rọ á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìyẹn sì ni pé apá Gbajúmọ̀ ti parí.

Wọ́n ti kó ọjà náà lọ kí n tó débẹ̀. Igba dọ́sìnì òòyà.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mo dán etí ìyá náà wò ni ọ̀dọ́kùnrin kan gun alùpùpù wọlé tí kò tilẹ̀ rántí bọ́ akoto orí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń pín owó ìrànwọ́ ni. Bọ̀dá Fọ́ọ̀mù ni wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀, nítorí wọn kò tíì rí i rí láìsí fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, wọ́n ti dá ọjà yín dúró o."

"Níbo?"

"Ní èbúté, lọ́hùn-ún. Àwọn aṣọ́bodè wọn gbé e sórí ìwọ̀n, ó wúwo ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Wọ́n wá tú páálí díẹ̀. A kọ méjìlá-méjìlá, wọ́n bá mẹ́tàlá-mẹ́tàlá. Ìwé wa ní ẹgbẹ̀jìlá òòyà, ọjà wa jẹ́ ẹgbẹ̀tàlá. Wọ́n ń béèrè ìdí tí a fi gbé igba òòyà pamọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ló sì kù kí oṣù parí."

Ayùn Gbajúmọ̀ dúró. Ọmọbìnrin náà ti ń ṣí ìwé rẹ̀ wìtìwìtì.

"Igba lọ́nà méjìlá ni mo kọ," ó ní. "Ẹ wò ó. Mo ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Òótọ́ lo kọ," ìyá rẹ̀ wí. Kò gbé ojú sókè nídìí sánpépà rẹ̀. "Igba dọ́sìnì ni. Àti èènì."

Bọ̀dá Fọ́ọ̀mù bọ́ akoto. "Èènì kẹ̀? Mọ́mì, ẹ fi èènì ránṣẹ́ sí òkè òkun?"

"Ṣé wọn kì í gba èènì lọ́hùn-ún ni?"

"Ìwé ni wọ́n ń gbà, mà. Ìwé!"

Láti ìgbà ayé baba ni ẹni tó bá ra dọ́sìnì kan nílé yìí ti ń gba ọ̀kan lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń kó ọjà sínú páálí kò nílò kí ẹnikẹ́ni rán wọn létí, bí a kì í ti í rán ẹni tó bá wọlé létí pé kó kí ará ilé. Ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé kọ ohun tí wọ́n tà. Àwọn tó ń dì í di ohun tí wọ́n tà àti ohun tí wọ́n fi tọrẹ. Kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì, nítorí kò sí ẹni tó rí ohun tó yẹ ní bíbéèrè níbẹ̀.

Bọ̀dá Fọ́ọ̀mù ti mú ìwé kan wá. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ pé àṣìṣe ni, pé ẹni tó kó ọjà sínú páálí ṣì í kà, àti pé olọ́jà gbà kí wọ́n dáná sun igba tó lé.

"Dáná sun kí ni?" Gbajúmọ̀ wí. "Ìwọ ọmọ yìí, o mọ iye ìgbà tí mo fa ayùn kí igba òòyà tó di òòyà?"

"Ta ló ṣì í kà?" Ìyá Olóòyà bi í.

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Ìwé lásán ni. Ẹ sáà buwọ́ lù ú, wọ́n á tú ọjà sílẹ̀."

"Ọmọ mi, gbọ́. Obìnrin tó ń rajà lọ́wọ́ mi á ka ìwé yìí. Á ní, ẹni tí kò lè ka méjìlá kó pé, ṣé òun náà ló fẹ́ sọ fún mi pé igi òun ti gbẹ? Yàtọ̀ síyẹn, mi ò ṣì í kà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Mọ́mì, ẹ̀rọ ń bọ́ lọ o!"

Ó gbé sánpépà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, apá yín ni. Ohun tí ẹ bá wí la máa ṣe."

Gbajúmọ̀ fi ọwọ́ òsì gbá èjìká ọ̀tún mú, ó ń wo ilẹ̀.

"Tó bá jẹ́ tèmi nìkan ni," ó wí, "ǹ bá ní kí o buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀." Ó fi ẹsẹ̀ gbá lẹ́búlẹ́bú igi díẹ̀ kúrò lọ́nà. "Ṣùgbọ́n Baba ló kọ́ mi ní kíkà. Èmi ò lè jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nílùú onílùú pé kò kọ́ mi dáadáa. Má buwọ́ lù ú."

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu àwọn ènìyàn ńlá, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú wọn. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, n kò tíì rí ẹni tó fi apá ara rẹ̀ san owó ọ̀rọ̀ tó sọ.

Ìyá Olóòyà ní kí ọmọ òun kọ ìwé mìíràn. Ohun tó pè fún un láti kọ nìyí:

"Ẹ̀yin aṣọ́bodè, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ṣe òòyà tó wà lọ́dọ̀ yín. Ẹgbẹ̀jìlá ni mo tà. Igba ni mo fi ta ẹni tó rà á lọ́rẹ, ọ̀kan lórí méjìlá kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń ṣe nílé wa. N kò gba owó lórí rẹ̀, n kò sì gbé e pamọ́. N kò mọ̀ pé ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Mo ti mọ̀ báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sun ún."

Bọ̀dá Fọ́ọ̀mù kà á tán, ó gbọn orí. "Kò sí fọ́ọ̀mù tó gba irú ọ̀rọ̀ yìí, mà."

Mo rò pé yóò gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti ọ́fíìsì wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó sórí òkìtì pákó, ó ṣí òfin aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè yẹn lórí fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo wo aago. Aago mẹ́rin kọjá. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò dìde. Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, ó fò dìde.

"Ó wà! Ojú ìwé kọkànlélógójì! Àyè wà fún ọjà tí a kò tà, tí a fi tọrẹ!"

"Ẹ bu tíì fún un," Gbajúmọ̀ wí, "kó má lọ dákú sí wa lọ́rùn."

Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Gbogbo wa ló gbọ́ ariwo ọ̀gá náà nínú fóònù. Bọ̀dá Fọ́ọ̀mù ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" lẹ́ẹ̀meje, ó sì ní "Rárá, sà" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ó fi ìwé tuntun ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé ìyá náà lẹ́yìn rẹ̀.

Èsì dé lọ́jọ́ kẹfà. Mo wà níbẹ̀. Ojú Bọ̀dá Fọ́ọ̀mù ti rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ jù.

"Wọ́n gbà pé àyè ẹ̀bùn wà. Ṣùgbọ́n òfin wọn ní ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọjà. Wọ́n ní nínú mẹ́tàlá, èwo ni ẹ̀bùn? Mọ́mì, òòyà mẹ́tàlá tó rí bákan náà! Ó ti parí."

Ìyá Olóòyà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

"Ta ló ní wọ́n rí bákan náà? Àwọn páálí tí wọ́n tú níjọ́sí, wọ́n ti fọ́n wọn ká ni. Sọ fún wọn kí wọ́n rọra ṣí èyí tí wọn kò tíì tú. Méjìlá á dúró lóòró. Ọ̀kan á dùbúlẹ̀ ní ìbú lórí wọn. Òun ni èènì. Kí wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: kò ní kókó kankan lára, ìlà inú igi rẹ̀ á sì lọ tààrà láti ẹ̀yìn dé ṣóńṣó eyín. Òun ló dára jù nínú gbogbo wọn."

"Ẹ fi èyí tó dára jù tọrẹ?" mo bi í.

"Ṣé èyí tí kò dára lèèyàn fi í tọrẹ ni?"

N kò gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn páálí tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù inú ìlú wà lórí pẹpẹ, ogójì nínú wọn, wọ́n ti dì wọ́n kí n tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo tọrọ ààyè, mo mú èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo ṣí i. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ ní ìbú. Mo ṣí èyí tó wà ní igun. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ ní ìbú. Mo gbé e sí fèrèsé, ìlà igi náà lọ tààrà bí irun tí wọ́n fi omi yà. Mo ṣí mọ́kànlá, mo sì ṣíwọ́, nítorí ojú ń tì mí.

Bọ̀dá Fọ́ọ̀mù dúró lẹ́yìn mi. "Tí a bá ti buwọ́ lù ú pé àṣìṣe ni," ó wí jẹ́jẹ́, "tí wọ́n wá ṣí páálí, tí wọ́n rí igba àṣìṣe tó dùbúlẹ̀ sójú kan náà…" Kò parí rẹ̀. Ó lọ tẹ èsì.

Ọjọ́ méjì ló kù kí oṣù kẹsàn-án parí nígbà tí Bọ̀dá Fọ́ọ̀mù pe fóònù ọmọbìnrin náà. Ó jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. Àwọn aṣọ́bodè lọ́hùn-ún ti ṣí ọgọ́ta páálí. Ọgọ́ta òòyà ló dùbúlẹ̀ ní ìbú. Wọ́n tún ìwé ṣe, wọ́n tú ọjà sílẹ̀. Oníbàárà ti gbà á, ó ti buwọ́ lù ú. Ó sì fi àwòrán kan ránṣẹ́: ọwọ́ aṣọ́bodè kan nínú ìbọ̀wọ́, tó gbé òòyà kan sójú fèrèsé tí kùrukùru bo ìta rẹ̀.

Ìyá Olóòyà gba fóònù, ó wò ó pẹ́ títí. Ìlú tí kò mọ̀, ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀, igi tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

"Ó mú un dáadáa," ó wí. "Ẹ̀yìn ló ti mú un, kò mú un léyín."

Gbajúmọ̀ kò wo àwòrán. Ó ti jókòó sílẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú igi, ó fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì.

Orúkọ márùndínlọ́gbọ̀n ló kù nínú ìwé ìjọba tí n kò tíì lọ wò, n kò sì ní tìtorí ẹnì kan gba gbogbo wọn gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fi ojú mi rí ẹ̀rọ ayùn náà. Ó dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹwàá, nínú àpótí onígi tí Ìyá Olóòyà kọ́kọ́ fi ìka kàn, tó sì fetí sí, kó tó jẹ́ kí wọ́n ṣí i. Gbajúmọ̀ fi ọwọ́ òsì tẹ iná rẹ̀. Eyín méjìlélógún jáde kí ènìyàn tó sín lẹ́ẹ̀mejì. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò ó, ó fi pákó mìíràn sí i, ó tún la ẹnu sílẹ̀. Nígbà tó di aago márùn-ún, òkìtì òòyà tí kò tíì dán ti ga dé ìbàdí rẹ̀.

"Ọkọ mi, ó tó," Ìyá Olóòyà wí. "Ẹ lọ sinmi."

"Sinmi kẹ̀?" Gbajúmọ̀ wí, ó sì na ọwọ́ sí pákó mìíràn. "Kí lo rò pé mo ti ń ṣe láti àárọ̀?"